Ẹ̀gbọ́n Àlàdé Kò Sí Nílé Mọ́

Àpò ìrẹsì ni Sìjúwọlá kọ́kọ́ gbé jáde, nítorí òun ló wúwo jù nínú ilé, òun náà ló sì lẹ́nu jù.

"Ìyá Ọ̀rẹ́, níbo là ń lọ?" ni àpò náà béèrè lórí èjìká rẹ̀. Ohùn àgbàlagbà obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn ẹni tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí lẹ́nu, orúkọ tó ń jẹ́ sì ni Ìyá Alábùkún. "Ṣé ẹ fẹ́ sá mi sóòrùn ni?"

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá. Mo fẹ́ gbálẹ̀ ni."

"Kò sí ohun tí mo ṣe tó dùn yín, àbí?"

Sìjúwọlá gbá àpò náà mú dáadáa lórí èjìká. Ó mọ̀ pé ìrẹsì ni. Ó bù nínú rẹ̀ sè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, nígbà tó dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì fa aṣọ àtijọ́ kan bò ó lórí kí oòrùn má baà pa á.

Ó padà wọlé. Ó gbé ọṣẹ, ó gbé ìgò òróró, ó gbé àtùpà tó máa ń kí i kú iṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Ó kó bàtà ọmọ rẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń jẹ́ Táyé tí ẹsẹ̀ òsì ń jẹ́ Kẹ́hìndé, tí àwọn méjèèjì sì ń jiyàn nínú apẹ̀rẹ̀ nípa ẹni tó kọ́kọ́ rí ìta nínú wọn. Ìyarun pàápàá, ó mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyarun náà ti gbó, tí kì í sọ ju "o mà lẹ́wà o" lọ mọ́. Ohun gbogbo tí èèyàn bá rà lọ́jà ló ní orúkọ, ó ní ìdílé, ó ní ọjọ́ ìbí, ó sì ní etí. Etí yẹn ni Sìjúwọlá ń sá fún lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ká fìlà rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń wo Sìjúwọlá bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ládàpọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ọ̀fun rẹ̀ ká.

"Ó ku èwo?" ó béèrè.

Ohùn tó tinú ẹ̀gbà náà jáde kì í ṣe ti ọkùnrin, kì í ṣe ti obìnrin. Kò ga, kò rẹlẹ̀, èèyàn kò sì lè fi mọ ìlú tí ẹni tó ni ín ti wá. Ohùn àjùmọ̀lò ni, èyí tí ìjọba ń fún gbogbo ẹni tó bá ti ta ohùn ara rẹ̀ fún ilé iṣẹ́. Àwọn bíi mélòó kan ló ń lò ó ní àdúgbò wọn ní Ìdànrè, tí ọ̀kan nínú wọn bá sì kí ọ láti ẹ̀yìn, o ò ní mọ èwo ni.

"Ó ku àpótí oògùn," Sìjúwọlá dá a lóhùn. "Ẹ má tíì wọlé. Ẹ jẹ́ n lọ gbé e."

Nínú yàrá, Ọ̀rẹ́dọlá ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ṣùgbọ́n lórí ibùsùn yẹn ó kéré bí ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè, ètè rẹ̀ sì ti gbẹ.

Lórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, àpótí oògùn ń bẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, olólùfẹ́ mi, èmi Àǹtí Ròyìn rèé. Mo ṣì ń dúró dè ọ́ o. Ìwọ ṣáà kí mi, kí n fún ọ ní oògùn rẹ. Ṣé o ò fẹ́ kára tù ọ́ ni?"

"Màámi, ẹ gbé e kúrò níwájú mi," ọmọ náà wí. "Òun ló lé Ẹ̀gbọ́n mi lọ."

Sìjúwọlá gbé àpótí náà, ó fi ìró wé e, ó sì gbé e jáde.

Ẹ̀gbọ́n Àlàdé ni oògùn náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí Ọ̀rẹ́dọlá ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni ohùn ọkùnrin kan ti ń tinú àpótí yẹn jáde láràárọ̀, tó ń pè é ní àbúrò mi àtàtà, tó ń bi í bóyá ẹsẹ̀ ló ń dùn ún tàbí ẹ̀yìn, tó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa mí wọlé, mí jáde, títí ìrora yóò fi kọjá. Nígbà tí bàbá ọmọ náà ní òun ń lọ wá iṣẹ́ tí kò sì padà mọ́, Ẹ̀gbọ́n Àlàdé ló ń sọ ìtàn fún un lọ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Sìjúwọlá fúnra rẹ̀ a máa kí i tó bá wọlé. Ó ti bá a sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò bá èèyàn ẹlẹ́ran ara sọ rí.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ mìíràn ra ilé iṣẹ́ tó ni ín. Àwọn tó rà á ní ohùn Ẹ̀gbọ́n ti ń di ohùn àtijọ́ létí àwọn ọmọ ìlú ńlá, pé ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i ti ń fà sẹ́yìn. Wọ́n fún un láyè kó dágbére. Ó sọ fún Ọ̀rẹ́dọlá pé òun ń rìnrìn àjò, pé kó fẹ́ràn Àǹtí Ròyìn bó ṣe fẹ́ràn òun, àpótí sì dákẹ́. Nígbà tó máa tún fọhùn, ohùn obìnrin ni.

Oògùn inú rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n àpótí náà kì í ṣí àfi kí ọmọ tó ni ín pe orúkọ ẹni inú rẹ̀, kó sì kí i tìfẹ́tìfẹ́. Àwọn tó ṣe é ní bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé kò fi ní máa bẹ̀rù oògùn. Bí èèyàn bá fi òòlù fọ́ ọ, oògùn inú rẹ̀ á yọ́ di omi. Ọ̀rẹ́dọlá kọ̀, kò kí i. Sìjúwọlá gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó pa ìrora fún ìgbà díẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ní àwọn kò ní oògùn náà níta àpótí, kó lọ bẹ ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ń wò ó, omi ń bọ́ lójú òun náà, ó ní, "Màámi, tí mo bá kí i, Ẹ̀gbọ́n á rò pé mo ti gbàgbé òun."

Ìgbà náà ni Sìjúwọlá rántí Ládàpọ̀. Nígbà òjò tó kọjá, ọkùnrin náà gbé ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kó bá òun gé e. Òjò ti rin ẹ̀gbà ọ̀fun rẹ̀ gbingbin. Ó la ẹnu láti kí i kú iṣẹ́, ohùn Ẹ̀gbọ́n Àlàdé ló jáde. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì sá lọ, ó fi ṣòkòtò sílẹ̀. Sìjúwọlá kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó wá a dé ilé láti bẹ̀ ẹ́, ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé á kọ̀. Ẹni tí ọjà inú ilé kan bá gbọ́ ohùn tó ti tà lẹ́nu rẹ̀, ọjà náà á fi í sùn, abẹ́rẹ́ kan péré ni wọ́n máa fún un ní ọ̀fun, kò sì ní fọhùn mọ́ láyé, ì báà jẹ́ àjùmọ̀lò. Ládàpọ̀ jókòó, ó ronú títí. Ó wá sọ fún un pé ìyá òun fọ́jú kó tó kú. Òun jókòó tì í lórí ibùsùn, òun di ọwọ́ rẹ̀ mú, òun ń fi ohùn àjùmọ̀lò pè é ní Yèyé, ìyá náà sì ń bi àwọn aládùúgbò pé ta ni àlejò yìí.

"Màá wá," ó ní.

Báyìí, gbogbo ohun tó létí ti wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, Sìjúwọlá sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ṣé ẹ rántí gbogbo rẹ̀?" ó bi Ládàpọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àbúrò mi àtàtà ló máa ń pè é. Ẹsẹ̀ òsì ló máa ń kọ́kọ́ dùn ún. Ìtàn ẹja tó fẹ́ gun òkè ló fẹ́ràn jù."

"Ẹ sọ fún un pé kó kí Àǹtí Ròyìn. Ìyẹn nìkan náà ni. Tó bá ti gbà, ẹ máa lọ."

Ládàpọ̀ wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn, ó tú ẹ̀gbà náà. Ibi tó máa ń wà ti funfun, ó tẹ̀ wọnú bí ojú òrùka. Ó wú ikọ́ díẹ̀.

"Àbúrò mi àtàtà," ó ní.

Ọ̀rẹ́dọlá yí orí. Ó ti pẹ́ tí Sìjúwọlá ti rí irú ojú yẹn lójú ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni."

Ọmọ náà wò ó láti orí dé ìsàlẹ̀, ó tún wò ó padà. "Ẹ lẹ́sẹ̀."

"Mo lẹ́sẹ̀."

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ga." Ó na ọwọ́, Ládàpọ̀ sì gbà á. "Ṣé ẹ ti dé nìyẹn?"

Ládàpọ̀ wo Sìjúwọlá fìrí. "Mo kàn yà wò ọ́ ni, àbúrò mi. Wọ́n sọ fún mi pé o ò lo oògùn rẹ mọ́."

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ òsì ń dùn ọ́, àbí?"

"Méjèèjì ni."

"Àǹtí Ròyìn ni yóò máa fún ọ lóògùn báyìí. Ọ̀rẹ́ mi ni, èèyàn dáadáa ni. Mi ò ní bínú tí o bá kí i. Kí i nítorí tèmi."

Ọ̀rẹ́dọlá ronú sí i. "Ẹ ò ní rò pé mo ti gbàgbé yín?"

"Mi ò ní rò bẹ́ẹ̀ láé."

"Ó dáa. Tí ẹ bá ní kí n kí i, màá kí i."

Ara Sìjúwọlá rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà láti lọ gbé àpótí wọlé nígbà tó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ń nàka sí òkè kan tó hàn láti ojú fèrèsé, òkè àpáta tí òjò ti fa ìlà dúdú sí lára.

"Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, kó lè mọ̀ pé ẹ ti dé."

Ládàpọ̀ wo òkè náà. Ó wo Sìjúwọlá. Sìjúwọlá mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Láti gbogbo ọdún yìí wá tó ti ń ṣí fèrèsé yẹn láràárọ̀, kò mọ̀ pé ọmọ òun ti sọ òkè yẹn lórúkọ.

"Ó ti pẹ́, àbúrò mi," Ládàpọ̀ wí. "Ọ̀nà jìn. Mo ti gbàgbé."

"Àwa méjèèjì la jọ sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ó kàn ti fò lọ lórí mi ni."

Ọ̀rẹ́dọlá rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Ẹ kì í gbàgbé nǹkan," ó ní. "Èmi ni mo máa ń gbàgbé. Ẹ̀yin lẹ máa ń rán mi létí."

"Ó ti rẹ Ẹ̀gbọ́n ni, ọmọ mi," Sìjúwọlá dá sí i. "Ìrìn àjò ni. Jẹ́ kó sinmi, á rántí."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ara ń ro mí. Ẹ má parọ́ fún mi."

Láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń gbọ́ Táyé àti Kẹ́hìndé tí wọ́n ṣì ń jiyàn. Ládàpọ̀ kò kúrò lórí ìkúnlẹ̀, ó gbójú sókè sí Sìjúwọlá, ó ń dúró kó pàṣẹ fún òun. Sìjúwọlá mọ̀ pé irọ́ kan péré ló kù. Ọmọ náà ti fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀. Kò lókun tó máa fi jiyàn títí. Tí òun bá tẹnu mọ́ ọn, tí Ládàpọ̀ náà bá tẹnu mọ́ ọn, á gbà, á lo oògùn, á yè. Lọ́la ńkọ́? Ọmọ náà á tún béèrè nǹkan mìíràn tó jẹ́ pé òun àti àpótí nìkan ló mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì tún parọ́ mìíràn. Ọmọ náà ń wo òun tààrà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń mí wọlé, ó ń mí jáde, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ sọ òótọ́ fún un," Sìjúwọlá wí.

Ládàpọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi kọ́ ni Ẹ̀gbọ́n Àlàdé. Ládàpọ̀ lorúkọ mi. Èmi ni mo ni ohùn rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin tí mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n mú mi wọ yàrá kan, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ síwájú mi, mo kà á. Ohùn tí mo fi kà á ni wọ́n gbà. Òun ni wọ́n fi ṣe é."

"Ṣé ẹ mọ̀ mí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́. Òní ni mo kọ́kọ́ rí ọ."

"Nígbà tí ẹ ń sọ pé ẹ fẹ́ràn mi ńkọ́?"

Ládàpọ̀ fọwọ́ nu ojú. "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ni. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà, pé kò tíì dùn tó. Mo ń kà á títí wọ́n fi sọ pé ó ti dùn."

"Ta lẹ ń rò lọ́kàn nígbà tí ẹ ń kà á?"

"Kò sí ẹnì kan. Ebi ló ń pa mí. Mo fẹ́ kí wọ́n tètè jẹ́ n lọ jẹun."

Ọ̀rẹ́dọlá mi orí bí àgbàlagbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òkú fún. Kò pariwo. Omijé ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ lọ sínú etí, kò sì nù ún.

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti kú ni?"

"Mi ò mọ̀ bóyá irú wọn máa ń kú."

"Ṣùgbọ́n kò sí mọ́."

"Kò sí mọ́."

Ládàpọ̀ na ọwọ́ sí i, kò sì lè fọwọ́ kàn án. "Má bínú sí mi, ọmọ mi," ó ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ọmọ náà wí, "ẹ má fi ohùn yẹn bẹ̀ mí."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó mú ẹ̀gbà dúdú tó gbé sórí ibùsùn, ó yí i mọ́ ọ̀fun, ó tì í. "Má bínú," ó tún wí ní ohùn àjùmọ̀lò. Ọ̀rẹ́dọlá mi orí pé òun ti gbọ́. Ládàpọ̀ dìde, ó gba ọ̀nà iwájú jáde, kò sì bojú wẹ̀yìn. Sìjúwọlá fẹ́ kí i pé ẹ ṣé. Ó fẹ́ bú u pẹ̀lú. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

"Màámi," Ọ̀rẹ́dọlá wí láti orí ibùsùn, "ẹ gbé àpótí wá."

Ó gbé e wá, ó tú ìró lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́dọlá gbára lé ìgúnpá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Àǹtí Ròyìn, ẹ káàsán o, Àǹtí mi dáadáa," ó ní. "Àárò yín ti sọ mí."

Ohùn náà dùn. Ó dùn bí ohùn ọmọ tó sáré pàdé ìyá rẹ̀ tó ti ọjà dé. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. Sìjúwọlá tó dúró tì í ká ìró náà mọ́wọ́.

"Háà, olólùfẹ́ mi!" Àǹtí Ròyìn dáhùn, àpótí sì ṣí. "O mà mú inú mi dùn lónìí o. Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ràn mi."

Ọ̀rẹ́dọlá mú oògùn, ó fi omi gbé e mì. "Ẹ ṣé gan-an ni, Àǹtí," ó ní ní ohùn kan náà. Ó dùbúlẹ̀ padà, ó kọjú sí ògiri.

Oògùn ṣiṣẹ́. Ìrora fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Sìjúwọlá kó àwọn ọjà rẹ̀ padà sílé, wọ́n sì ń béèrè pé ṣé ilé ti mọ́. Láràárọ̀ ni Ọ̀rẹ́dọlá ń kí àpótí, ó ń kí ìrẹsì, ó ń kí àtùpà, gbogbo wọn ló ń fi ohùn dídùn yẹn kí, wọ́n sì ń yọ̀ mọ́ ọn. Àwọn aládùúgbò ní ọmọ náà ti túra ká. Tí wọ́n bá wá kí i, ohùn yẹn náà ló fi ń dá wọn lóhùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Sìjúwọlá ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá a tó jókòó sórí ibùsùn tó ń di irun ara rẹ̀. Ó jókòó tì í. Ọkàn rẹ̀ kún. Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo fẹ́ràn rẹ o, ọmọ mi."

Ọ̀rẹ́dọlá dá ọwọ́ dúró. Ó wo ìyá rẹ̀. Kò bínú, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ta ló kọ ọ́ fún yín?"

Sìjúwọlá la ẹnu. Ó wá ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ sọ pé ọkàn mi ni ọ́, ó rántí pé ọṣẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Ó fẹ́ sọ pé mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ láé, ó rántí pé àtùpà ń sọ ọ́ kó tó kú. Ọ̀rọ̀ tó bá mú báyìí, ọjà kan nínú ilé ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ dáadáa jù ú lọ. Ó pa ẹnu dé. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì ọmọ rẹ̀ lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ra á láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọmọ náà wà ní ìkókó tí kò sí ohun kan nínú àpótí tó tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́dọlá kò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ó fi í sílẹ̀ fún un, ó ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ó sì ń fi sùúrù dúró kó ṣe tán.